Kóńgò Kan Náà Ni Kí Á Fi Wọn Àwọn Olórí Wa

 Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ tèmi gùn nínú ìwé ẹgbẹ́ wa lóṣù yìí. Àwọn tó wá sípàdé tó kọjá mọ ohun tó fà á. Ẹ̀yin tí ẹ kò wá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín.

Ìpàdé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà táwọn àlejò kan wọlé. Wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Ìyálọ́jà, wọ́n ní àwọn mú ìwé kékeré kan wá. Nínú ìwé náà, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwa ìyá ọjà jókòó, a rò ó, a wò ó, a sì rí i pé ẹnì kan báyìí ló ṣe dáadáa jù nínú gbogbo àwọn tó ti ṣe olórí Nàìjíríà láti ọdún 1960. Ìbuwọ́lù wa nìkan ló kù. Wọ́n ní ànkárá ń bọ̀, àwòrán ẹni náà á wà lára ẹ̀, a ó sì gbé àmì-ẹ̀yẹ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá. N kò ní dárúkọ ẹni náà, torí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ mi bá wí. Àwọn kan nínú wa ní ká buwọ́ lù ú kíá, kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ní rárá. Ariwo sọ. Ìyálọ́jà wa wá ní kí n lọ kọ ìdí mi sílẹ̀, kí gbogbo wa kà á ká tó tún jókòó lé e. Ìdí mi rèé.

Ta ló jókòó? Ìgbà wo la rò ó? Bí alájàpá bá gbé àpò gaàrí dé tó ní, "Ẹ má wulẹ̀ wọ̀n ọ́n, mo ti wọ̀n ọ́n nílé," ta ni nínú wa tó máa sanwó? Gaàrí lásán nìyẹn o. Àwọn tó ṣèjọba lé wa lórí la wá fẹ́ gbà láìwọ̀n?

ÀWỌN KÓŃGÒ TÍ KÒ DÁA

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Bí a bá ń jiyàn lábẹ́ àtíbàbà nípa olórí tó ṣe dáadáa jù, kóńgò tí oníkálukú wa ń lò yàtọ̀ síra.

Èkíní ni kóńgò ìbátan. "Ọmọ wa ni." Wọ́n á ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Òótọ́ ni, n ò bá òwe jà. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ la ń sọ níbẹ̀, a kì í fi ìlẹ̀kẹ̀ wọn ìrẹsì. Ẹ wo Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó gorí àlééfà ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ìyá rẹ̀, Alhaja Àbíbátù Mọ́gàjí, ni Ìyálọ́jà Èkó títí wọ́n fi papò dà ní 2013. Àwọn kan ní nítorí ìyẹn, ká má sọ nǹkan kan. Èmi ní nítorí ìyẹn gan-an ni ká ṣe fi kóńgò ọjà wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìyálọ́jà kò yẹ kó bínú sí kóńgò. Bákan náà ni kí ẹni tó jẹ́ Hausa, Ìgbò tàbí Ìjọ́ má ṣe rò pé a ó fi tiwọn sílẹ̀ tàbí pé a ó wọ̀n wọ́n jù.

Èkejì ni kóńgò àtijọ́. "Ayé Gowon dùn." Ó dùn lóòótọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n kí ló dùn ún? Ní 1973 sí 1974, ogun àwọn Lárúbáwá pẹ̀lú Ísírẹ́lì mú kí owó epo rọ̀bì di ìlọ́po mẹ́rin lọ́jà àgbáyé. Ta ló ja ogun yẹn? Kì í ṣe Gowon. Ohun tó yẹ ká bi í ni ohun tó fi owó náà ṣe. Wọ́n san owó Udoji fáwọn òṣìṣẹ́, ọjà sì gbówó lórí kí owó náà tó pẹ́ lápò wọn. Ní 1975 kan náà, sìmẹ́ńtì tí ìjọba rà pọ̀ débi pé ọkọ̀ ojú omi tò gbọnrangandan sí etíkun Èkó, ibùdókọ̀ ò gbà wọ́n. Òjò ló rọ̀, a ń fi yin àgbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fáwọn tó dé lẹ́yìn. Láti 2011 títí dé ìdajì 2014, nígbà Jonathan, àgbá epo rọ̀bì kan lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní 2016, lábẹ́ olóògbé Buhari, ó ti já sísàlẹ̀ ọgbọ̀n dọ́là. Ẹ má yin ẹni tí òjò rọ̀ fún torí òjò, ẹ má sì bú ẹni tí ọ̀dá bá torí ọ̀dá. Ẹ bi àwọn méjèèjì léèrè: omi tó o rí, kí lo fi ṣe?

Ẹ̀kẹta ló burú jù, torí ó jọ kóńgò gidi. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Lójú, kóńgò ni. Nínú, kò gbà tó bó ṣe yẹ. Ní oṣù kẹrin 2014, ìjọba ní àwọn tún ọrọ̀ ajé Nàìjíríà kà, a sì ti di ẹni tó tóbi jù ní Áfíríkà, a ti fi South Africa sẹ́yìn. Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ yín tóbi sí i lọ́jọ́ yẹn? Ní oṣù kejìlá 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba ní ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní 2025, wọ́n ní ó ti di 24.48. Láàárín oṣù kan! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n pààrọ̀ kóńgò. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ọdún 2009 ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀; èyí tuntun, ọdún 2024 ni.

Mi ò ní olè ni wọ́n jà o. Ohun tí èèyàn ń ná owó lé ní 2009 yàtọ̀ sí ti òní, ó yẹ kí wọ́n tún kóńgò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi kóńgò àtijọ́ wọ̀n lánàá, tó fi tuntun wọ̀n lónìí, tó wá ń pariwo pé "Ẹ wò ó, mo ti mú un dínkù," gbogbo wa la mọ orúkọ tí à ń pe irú ontajà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àpòòwé. Òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

KÓŃGÒ TIWA

Kí wá la ó fi wọ̀n wọ́n? Mo dábàá ìbéèrè márùn-ún. Kí á bi gbogbo wọn ní márààrún, bó jẹ́ ọmọ wa, bó jẹ́ ọmọ ẹlòmíì.

Ìbéèrè kìn-ín-ní: Kí ló bá nílẹ̀, kí ló sì fi sílẹ̀? Nígbà Ọbásanjọ́, Nàìjíríà jẹ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Paris Club ní nǹkan bí ọgbọ̀n bílíọ̀nù dọ́là. Ní 2005, wọ́n fẹnu kò: wọ́n fi bíi bílíọ̀nù 18 jì wá, a san bíi bílíọ̀nù 12, nígbà tó sì di oṣù kẹrin 2006, gbèsè yẹn tán. Ó bá gbèsè, ó mú un kúrò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, òun àti Ngozi Okonjo-Iweala tó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà yẹn. Nígbà Buhari ńkọ́? Gbogbo gbèsè ìjọba, tabílé tòkèèrè, jẹ́ bíi tírílíọ̀nù náírà 12 ní àárín 2015. Ní àárín 2023, lẹ́yìn tí wọ́n ro owó tí ìjọba yá lọ́wọ́ báńkì àgbà mọ́ ọn, tí náírà sì ti já, ó di tírílíọ̀nù 87. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní gbangba ní 2021 wà lára ohun tí a rí fi hàn fún owó tí a yá. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ wá bi ara yín bóyá ọjà tí a rà tó owó tí a san.

Ìbéèrè kejì: Owó tó ń wọlé fún oníbàárà wa, kí ló lè rà? Bí ọwọ́ oníbàárà bá gbẹ, àtẹ tiwa náà á gbẹ. Mo ṣe ìṣirò kan tí kò gba kọ̀ǹpútà. Mo mú owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà, mo fi ra epo bẹntiróòlù. Ní 2011, owó oṣù náà jẹ́ náírà 18,000, lítà epo kan jẹ́ náírà 65. Ó ra lítà 276. Ní 2019, owó oṣù di náírà 30,000, epo di náírà 145. Ó ra lítà 206. Ní ìparí 2024, owó oṣù ti di náírà 70,000, epo ti tó bíi náírà 1,000. Lítà 70 péré ló kù. Ṣẹ́ ẹ rí i? Lójú ìwé owó oṣù ń pọ̀ sí i, lọ́jà ó ń kéré sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà á ní epo olówó pọ́ọ́kú ayé ìjọ́un, àpò gbogbo wa ni wọ́n ti ń mú owó kún un, pé àwọn kan ń fi jí owó kó, pé a máa ń tò sórí ìlà tí a ò sì ní rí i rà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kan ò fi tó.

Ìbéèrè kẹta: Bí ó bá ní ká fara dà á, ta ló ru ẹrù náà? Ẹ rántí ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012, tí Jonathan gbé epo láti náírà 65 sí 141. Gbogbo ìlú dìde, iṣẹ́ dúró, wọ́n dá a padà sí 97. Ẹ rántí 2019, oṣù kẹjọ, tí wọ́n ti bodè pa títí di oṣù kejìlá 2020. Wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì tiwa lè jẹun ni. Èrò náà dáa. Ṣùgbọ́n ìrẹsì wọ́n gógó, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló san án.

Ẹ wá rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ní oṣù kẹwàá 2022 ni wọ́n kéde náírà tuntun. Wọ́n ní kí owó àtijọ́ kásẹ̀ ńlẹ̀ ní 31 oṣù kìn-ín-ní, wọ́n tún sún un sí 10 oṣù kejì. Owó àtijọ́ ò ṣeé ná mọ́, tuntun ò sì sí. Ẹ̀yin alátà, ẹ rántí bí tòmátì ṣe ń jẹrà lójú yín tí oníbàárà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, tó fẹ́ rà, tó lówó ní báńkì, tí kò sì ní náírà kan lọ́wọ́. Ẹ rántí àwọn tó ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Alábàárù ò rí owó iṣẹ́ gbà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ló wá ní ní 3 oṣù kẹta kí wọ́n jẹ́ ká máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún. Wọ́n ní àwọn tó kó owó pamọ́ àtàwọn tó ń fowó ra ìbò ni àwọn fẹ́ fi mú. Ṣé àwọn yẹn ni ebi pa? Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ní tiwa, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ ká rí omi àgbọn náà tọ́ wò.

Gbogbo olórí ló máa ń sọ pé ara máa kọ́kọ́ ni wá kó tó dẹ̀ wá. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo ní ká máa bi wọ́n ni: tìrẹ ńkọ́? Kí ni ìwọ náà yọ kúrò nínú oúnjẹ rẹ?

Ìbéèrè kẹrin: Ẹ̀mí wa ńkọ́? Olórí tí kò lè ṣọ́ ẹ̀mí, kí ló fẹ́ ṣọ́? Níhìn-ín, ẹ wo bí ẹnì kan ṣe lè gbégbá orókè nínú ọ̀ràn kan kó sì kùnà nínú òmíì. Ní oṣù keje 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ yẹn jáde nílé ìwòsàn. Ẹ̀mí rẹ̀ bá a lọ. Ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Jonathan àti ìjọba Èkó lábẹ́ Fáṣọlá, tí wọn ò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, pawọ́ pọ̀, wọ́n wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn rí. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú, nígbà tó sì di 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọjà wa ì bá ti ṣófo! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ dókítà náà ṣáájú ti ààrẹ. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, oṣù kẹrin, wọ́n jí ọmọbìnrin 276 gbé ní ilé ìwé Chibok. Ọ̀sẹ̀ rọ̀, ìjọba ò gbé ìgbésẹ̀ tó ní láárí. Títí di òní, àwọn ìyá kan ṣì ń retí ọmọ wọn. Ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹ kọ Òdi ní ìpínlẹ̀ Bayelsa, oṣù kọkànlá 1999, tí àwọn sójà pa ìlú run nígbà Ọbásanjọ́. Ẹ kọ alẹ́ 20 oṣù kẹwàá 2020 ní Lẹ́kí, tí àwọn sójà yìnbọn níbi táwọn ọmọ wa jókòó sí, nígbà Buhari.

Ìbéèrè karùn-ún: Ṣé ó gbà kí a bi òun, báwo ló sì ṣe kúrò? Ọbásanjọ́ ni, ẹni tó mú gbèsè kúrò, lábẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ti fẹ́ tún òfin ṣe kí ààrẹ lè lo sáà kẹta, táwọn sẹ́nétọ̀ sì dá a nù ní oṣù karùn-ún 2006. Yar'Adua jẹ́wọ́ lọ́jọ́ tó gbọ̀pá àṣẹ ní 2007 pé ìbò tó gbé òun wọlé ní àbùkù, ó sì kéde dúkìá rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn gbé e lọ sí Saudi Arabia ní oṣù kọkànlá 2009, kò fa ìjọba lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìlú wà láìlólórí títí di oṣù kejì 2010. Jonathan pàdánù ìbò ní 2015, ó gbé fóònù, ó kí ẹni tó wọlé kí wọ́n tó ka ìbò tán. Ìjà tí à ń retí ò wáyé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Bẹ́ ẹ bá ti bi wọ́n ní márààrún báyìí, ẹ ó rí i pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tó kún kóńgò. Ẹni tó gbégbá orókè ní gbèsè kùnà ní Òdi. Ẹni tó mọ bí a ti ń kúrò lórí oyè kò mọ bí a ti ń wá ọmọ tó sọnù. Ta wá ni á fún ní àmì-ẹ̀yẹ? Kò pọn dandan ká fún ẹnikẹ́ni!

ÀWỌN TÓ LÓWÓ JÙ WÁ LỌ Ń SỌ PÉ KÒ SÍ

Ẹ gbọ́ èyí. Mo Ibrahim, olówó ọmọ Sudan, dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fáwọn olórí Áfíríkà tó ṣe dáadáa. Mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ni. Òfin ẹ̀bùn náà ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìbò yan ẹni náà, kó lo sáà rẹ̀ bí òfin ṣe wí, kó sì ti kúrò lórí oyè. Ọdún 2007 ni wọ́n kọ́kọ́ fún Chissano ti Mozambique. Ellen Johnson Sirleaf ti Liberia gbà á fún ọdún 2017, obìnrin táwọn ìyá ọjà ibẹ̀ jáde fún nígbà ìbò 2005. Ṣùgbọ́n ní 2009, 2010, 2012, 2013, àti ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn wọn, ìgbìmọ̀ náà jókòó ti owó gọbọi yẹn, wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n ní kò sí ẹni tó yẹ. Kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà kan tó gbà á rí. Àwa wá nìyí, tí a fẹ́ torí yáàdì ànkárá mẹ́fà sọ pé a ti rí ẹni tó dáa jù.

Ẹ sì ṣàkíyèsí òfin wọn yẹn: ẹni tó ti kúrò lórí oyè. Ọbẹ̀ tó ṣì wà lórí iná, a lè tọ́ ọ wò, a lè ní iyọ̀ ò tó, a kì í bu ipò fún un. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká máa kọ tiẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ ìkàwé ń bọ̀.

Àwọn ìyá wa tó ṣáájú ò dá ànkárá fún ẹni tó ń jẹ wọ́n níyà. Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹrẹ́kọ, ló ṣáájú àwọn ìyá ọjà Èkó nígbà ogun Hitler, tí ìjọba òyìnbó yan Captain Pullen pé kó máa dá iye lé oúnjẹ. Àwọn ìyá wa ní iye náà ò tó owó tí àwọn fi rà á. Wọn ò gbà, títí ìjọba fi yọwọ́ ní 1945. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ka owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, títí Aláké Adémọ́lá fi fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1949. Ọmọ wọn ni Aláké o! Wọ́n sì wọ̀n ọ́n.

OHUN TÍ MO NÍ KÍ Á ṢE

Lákọ̀ọ́kọ́, kí á dá ìwé àwọn àlejò náà padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìbuwọ́ lù ú.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹgbẹ́ ra ìwé ìkọ̀wé ńlá kan. Lọ́jọ́ tí oṣù bá lé, kí akọ̀wé kọ nǹkan márùn-ún sínú rẹ̀: iye kóńgò gaàrí kan, iye kóńgò ìrẹsì kan, iye lítà epo kan, owó ọkọ̀ àpò ẹrù kan láti oko dé ọjà, àti iye wákàtí tí iná dé ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kóńgò kan náà ni kó máa jẹ́, kó wà lọ́wọ́ Ìyálọ́jà. Lọ́jọ́ tí olórí kan bá kúrò, a ó ka ohun tó bá àti ohun tó fi sílẹ̀ sétí gbogbo ọjà. Ẹni tó bá wá ní ká sọ̀rọ̀ lórúkọ ìyá ọjà, ìwé yẹn la ó ṣí fún un.

Àwọn kan ní wọ́n á bínú, wọn ò ní fún wa ní ìsọ̀ nínú ọjà tuntun. Ìsọ̀ tí wọ́n bá torí ìbuwọ́lù fún wa, ẹgbẹ́ tó bá buwọ́ lu ìwé jù wá lọ ni wọ́n á gbà á fún lọ́la.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un, kẹ́ ẹ má bínú sí mi. Àwa náà ò mọ́ tán. Kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wà nínú ọjà wa níbí, a mọ àwọn tó ní in. Bí a bá fẹ́ wọn ààrẹ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún kóńgò tiwa ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ni àgbà ọjà yìí.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó ti dìbò sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àwa mẹ́wàá tí a máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo náà ni a ó sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ọjà.

Ire o. Ọjà á tà, a ò ní pàdánù.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́